“Àmì àìsàn” àbí “ohun tó ń ṣe yín”?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbá tó wà nílẹ̀ fún ìtumọ̀ sí Yorùbá ni pé, nínú ìbéèrè tí àwọn tó ní jẹjẹrẹ yóò máa dáhùn lórí fóònù láàárín ìgbà tí wọ́n bá rí dókítà, kí a pe iṣẹ́ náà ní “ìjábọ̀ àmì àìsàn lórí ẹ̀rọ”, kí a sì pe ohun tí kì í jẹ́ kí wọ́n ṣe é ní “ìdènà”. Mo fara mọ́ “lórí ẹ̀rọ”. Ìyókù ni kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Àmì ni ohun tí ojú rí tàbí tí irinṣẹ́ wọ̀n: ẹsẹ̀ wíwú, ojú pípọ́n, ara gbígbóná tó dé 38 lórí tẹmọ́mítà. Ohun tí a ń béèrè níbí yàtọ̀. Ohun tí aláìsàn nìkan mọ̀ ni: ìrora, ìrẹ̀wẹ̀sì, oúnjẹ tí kò dùn lẹ́nu mọ́. Ẹni tó bá ka “Ẹ sọ àmì àìsàn yín” á wo ara rẹ̀ látòkè délẹ̀, kò ní rí nǹkan kan, á sì tẹ “kò sí”. Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè tiwa ti wà kí ẹ̀rọ tó dé: “Kí ló ń ṣe yín?” Kí ló dé tí a fi ń wá òmíràn?

“Ìjábọ̀” ńkọ́? Ẹni tí a rán níṣẹ́ ló ń jábọ̀. Ta ló rán aláìsàn? “Ìfẹjọ́sùn” tí ẹnì kan mú wá tilẹ̀ burú jù ú lọ, torí ọ̀kan nínú ohun tó ń pa àwọn èèyàn wọ̀nyí lẹ́nu mọ́ ni ẹ̀rù pé wọ́n á ní àwọn ń ráhùn, tàbí pé dókítà á dín oògùn kù bó bá gbọ́. Orúkọ iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ tún dá kún ẹ̀rù yẹn. “Sísọ ohun tó ń ṣe mí lórí ẹ̀rọ” gùn lóòótọ́, àmọ́ yóò yé ẹni tí kò kàwé.

Ní ti “ìdènà”, mo rò pé ọ̀rọ̀ méjì la nílò. Ìdínà ni èyí tó dí ọ̀nà pátápátá: kò sí fóònù, kò sí dátà, ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé ti sọnù lórí. Ìdíwọ́ ni èyí tó jẹ́ kí ọwọ́ lọ́ra: lẹ́tà wẹ́wẹ́, ojú ìwé mẹ́wàá kí èèyàn tó dé òpin. Ti ìdíwọ́ tilẹ̀ ṣe rẹ́gí, torí oògùn jẹjẹrẹ bíi oxaliplatin àti paclitaxel máa ń mú kí ìka kú tàbí kó máa ta bí abẹ́rẹ́. Ìka yẹn náà la ní kó tẹ bọ́tìnì kékeré. Bí àìsàn bá sì le jù ni èèyàn kì í lè dáhùn, nítorí náà ìdákẹ́ kò túmọ̀ sí àlàáfíà. Kí nọ́ọ̀sì pe ẹni tó bá dákẹ́.

Ibi tó le jù ni òṣùwọ̀n. PRO-CTCAE, àkójọ ìbéèrè 124 lórí ìnira 78 tí National Cancer Institute ti Amẹ́ríkà ṣe, ní ipò márùn-ún fún bí ìnira ṣe le tó. Àbá tó wà nílẹ̀ kọ ọ́ báyìí: kò sí rárá, díẹ̀, níwọ̀nba, púpọ̀, púpọ̀ gan-an. “Níwọ̀nba” yẹn ni mo bá jà. Ó yẹ kó wà láàárín, ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn “ìwọ̀nba” ni ohun tí kò tó nǹkan, ó sì lè kéré sí “díẹ̀” pàápàá. “Púpọ̀” tún lè jẹ́ bó ṣe le tàbí iye ìgbà tó ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè ọ̀tọ̀ ni iye ìgbà ní. Èmi yóò kọ: kò sí rárá, ó wà ṣùgbọ́n kò le, ó le díẹ̀, ó le, ó le gan-an. Àwọn tó fẹ́ fi “kò jẹ́ kí n ṣiṣẹ́” sí ipò kẹrin, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè ọ̀tọ̀ ni ìyẹn náà.

“Ǹjẹ́ ó rẹ̀ yín?” kò ṣeé lò lásán. Ẹni tó ń ṣàìsàn ló ń sọ pé ó rẹ òun, ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀ láti àárọ̀ náà ń sọ ọ́. Gbogbo wọn á dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni”. Ẹ so “àìní okun” mọ́ ọn. “Ní ọjọ́ méje sẹ́yìn” tó wà nínú ìbéèrè náà ń tọ́ka sí ọjọ́ kan ṣoṣo. “Láti ọjọ́ méje sẹ́yìn títí di òní” ló tọ̀nà.

Ẹni tó ní kí a yọ àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà kúrò kí iṣẹ́ lè yá, kó wo “oorun”. Láìsí àmì, ta ló mọ̀ bóyá àìsùn la ń béèrè, tàbí òórùn ara? Méjèèjì wà nínú àkójọ náà. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń sá fún un: ẹ̀ tàbí ọ́ kan ṣoṣo nínú àtẹ̀jíṣẹ́ á sọ àyè lẹ́tà 160 di 70, ìbéèrè kan á já sí méjì, owó á pọ̀ sí i, fóònù mìíràn á sì fi àpótí òfìfo rọ́pò lẹ́tà. Ẹ dín ọ̀rọ̀ kù, ẹ fi bọ́tìnì tó ń ka ìbéèrè sókè sí ojú ìwé, ẹ má yọ àmì.

Ó ku “Ó ti dé”, tó ń yọ lẹ́yìn ìdáhùn. Aláìsàn á rò pé nọ́ọ̀sì ti kà á. Ẹ kọ “A ò tíì kà á”, kí ó yí sí “A ti kà á” nígbà tí èèyàn bá kà á ní tòótọ́. Kí nọ́ńbà ìpè wà nísàlẹ̀, pẹ̀lú ìlànà pé ẹni tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ, tí ara rẹ̀ gbóná dé 38, kó pè lójú ẹsẹ̀, kó má dúró de ẹ̀rọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju “ó wà ṣùgbọ́n kò le” lọ, kó kọ ipò márààrún sórí páálí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó dà wọ́n pọ̀, kó ní kí àwọn tí kò sí nínú ìjíròrò yìí tò wọ́n láti kékeré dé ńlá. Bí wọ́n bá ń gbé ipò kejì àti ìkẹta fún ara wọn, kó wá òmíràn.