MySQL kọ̀ mí láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kejì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ MySQL (ètò tó ń tọ́jú dátábéèsì) dáadáa, ẹ gbà mí. Dátábéèsì wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan, ètò tó ń lò ó wà lórí òmíràn, VPN (ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ láàárín nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ló so wọ́n pọ̀. Pọ́ọ̀tù 3306 tí MySQL ń lò ṣí, mo sì ń dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n àṣìṣe 1045, "Access denied", ló ń dá mi lóhùn. Ohun tó ń kọ mí lóminú jù ni pé 'app'@'10.8.0.1' ló ń hàn nínú àṣìṣe náà, bẹ́ẹ̀ 192.168.20.15 ni àdírẹ́sì ẹ̀rọ mi, 'app'@'192.168.20.%' ni mo sì fún láṣẹ. Ṣé NAT (ohun tó máa ń fi àdírẹ́sì kan rọ́pò òmíràn) ló ń pààrọ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà? Ṣé kí n fún 10.8.0.1 láṣẹ, àbí NAT ni kí n pa? Mi ò fẹ́ lo '%' nìkan, tó ń gba gbogbo àdírẹ́sì láàyè, rárá, ẹnikẹ́ni á kàn máa dán ọ̀rọ̀ aṣínà wò ni. Ọjọ́ kẹta rè é tí iṣẹ́ ti dúró.