Èsì àfarawé spread spectrum mi dára ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì ni mo ń ṣe: Python ni mo fi ń ṣe àfarawé direct sequence spread spectrum (ọ̀nà ìfiránṣẹ́ tó ń fi kóòdù tó yára tẹ́ àmì rédíò káàkiri ìgbì tó fẹ̀). BPSK (ọ̀nà tó ń yí ìgbì sódì láti fi ìyàtọ̀ sáàárín 0 àti 1) ni mo lò, m-sequence (kóòdù +1 àti -1 tó jọ èyí tí kò létò) sì sọ bíìtì kọ̀ọ̀kan di chip 31, ìyẹn ègé kéékèèké 31.

Ibi tó ti dojú rú nìyí. Ní 0 dB, níbi tó yẹ kí agbára bíìtì kan dọ́gba pẹ̀lú ti ariwo, mo fi bíìtì 100,000 ránṣẹ́, ẹyọ kan ò bàjẹ́! Bẹ́ẹ̀, ọgbọ́n spread spectrum yìí kì í dín agbára white noise (ariwo tó tàn káàkiri gbogbo ìgbì) kù. Ó yẹ kí bíi 8 nínú 100 bàjẹ́. Mo fura pé orí chip ni mo ti wọn ariwo dípò orí bíìtì, torí pé ìlọ́po 31 tó bíi 15 dB. Ṣé ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà?

Ohun kejì: tí mo bá sún kóòdù náà ní chip kan péré, correlation rẹ̀ (bó ṣe bá kóòdù àkọ́kọ́ mu tó) á já láti 31 sí -1. Láti mọ ibi tí kóòdù ti bẹ̀rẹ̀ nínú àmì tí mo gbà, ṣé kí n máa yẹ ipò mọ́kànlélọ́gbọ̀n wò lọ́kọ̀ọ̀kan ni, àbí kí n lo FFT (ìṣirò tó lè bá mi yẹ gbogbo ipò wò lẹ́ẹ̀kan náà)? Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ gbé èsì tí kò tọ́ síwájú olùkọ́ mi.