Ìmọ̀ràn kíákíá: níbo ni mo ti lè rí ojúlówó èèpo ọ̀gánwó n'Íbàdàn?

AdéMọ́níyà (8:41 alẹ́)
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ dákun, ta ló mọ ibi tí mo ti lè rí ojúlówó èèpo ọ̀gánwó n'Íbàdàn, lálẹ́ yìí tàbí ní ìdájí ọ̀la? Ti màmá wa ni. Wọ́n ní òun nìkan ló kù kí àgbo pé. Apá Mọ́níyà ni mo wà, n kò ní mọ́tò. Ẹ jọ̀ọ́, kíákíá ni.

ỌmọBódè (8:46 alẹ́)
Ọjà Bódè ni, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu lọ síbòmíràn. Ẹ sọ̀ ní Mọ́lété, ẹ béèrè àwọn eléwé ọmọ. Ẹ má ra ti etí títì, ẹ wọ inú lọ. Ṣùgbọ́n ti alẹ́ yìí ò ṣeé ṣe mọ́, wọ́n ti palẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá débẹ̀ ní aago 7 àárọ̀, ẹ óò bá wọn.

OníGẹdú (8:53 alẹ́)
Láti Mọ́níyà sí Bódè jìnnà. Ẹ yà sí ibi tí wọ́n ti ń la pákó ní Bódìjà. Ẹni tó ń la igi kò lè ṣi ọ̀gánwó mọ̀, nítorí owó gọbọi ni wọ́n ń tà á. Bí gẹdú tuntun bá já sílẹ̀, èèpo rẹ̀ ṣì máa ń wà lára rẹ̀. Ẹ bẹ̀ wọ́n, wọ́n á jẹ́ kí ẹ bó díẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

ỌmọBódè (8:55 alẹ́)
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ṣé ibi tí epo dísẹ́ẹ̀lì àti epo ẹ́ńjìnnì ti ń ṣàn nílẹ̀ lẹ ní kí wọ́n ti lọ bó èèpo tí ìyá àgbà máa mu?

OníGẹdú (8:58 alẹ́)
Wọ́n á fọ̀ ọ́. Wọ́n á fi ọ̀bẹ ha ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ti inú ni oògùn wà.

Nọ́ọ̀sìTítí (9:01 alẹ́)
Adé, ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń ṣe wọ́n gan-an? Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n? Ṣé wọ́n ń lo oògùn kan tẹ́lẹ̀?

AdéMọ́níyà (9:04 alẹ́)
Ara wọn ń gbóná, ó sì rẹ̀ wọ́n. Ibi tí a ti ń rí èèpo ni mo béèrè o. Ẹ jọ̀ọ́.

ÌyáKọ́lá (9:07 alẹ́)
Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ wọn ló lọ sílẹ̀, ẹ já ewé ugu, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ fún oje rẹ̀, ẹ pò ó mọ́ mílíìkì. Ife kan láàárọ̀, ife kan lálẹ́. Òun ni mo lò nígbà tí mo bí Kọ́lá, ojú mi tún pọ́n padà.

BàbáÀgbo (9:10 alẹ́)
Ugu dára, ṣùgbọ́n ọ̀gánwó ni ọmọ yìí béèrè. Ti ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀gánwó, ti ibà náà ni. Bí ó bá jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀, pòròpórò ọkà bàbà ni ẹ ó fi kún un. Bí ó bá jẹ́ ti ibà, èèpo ahùn, ewé òrúwọ, ewé dóńgóyárò àti ọsàn wẹ́wẹ́ ni ẹ ó fi sè é, omi ògì ni kí ẹ fi dá a. Ẹ má jẹ́ kí èèpo pọ̀ ju ewé lọ, àgbo á le jù fún àgbà.

ÌyáÀbíkẹ́ (9:20 alẹ́)
Ẹ dúró ná. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí kí ọmọ yìí tó lọ ra èèpo lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹsẹ̀ ń ro ọkọ mi. Wọ́n ní kí a rẹ èèpo ọ̀gánwó fún un. Mo lọ ra á lọ́jà kan, n kò ní dárúkọ ọjà náà. Ọmọdébìnrin kan ni mo bá nídìí ọjà, ìyá rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Èèpo náà pupa, ó ti gbẹ, wọ́n dì í ní ìdì kéékèèké. Mo ní, ṣé ọ̀gánwó nìyí? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ma.

Mo délé, mo ní kí ọmọ ọ̀dọ̀ mi gún un. Bí ó ṣe ń gún un ni ó ń sín. Ó sín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀. A rò pé ata ló kù nínú odó. Mo gba odó, mo fọ̀ ọ́ fúnra mi. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gún, ó tún ń sín. N kò fura.

Ife kan péré ni ọkọ mi mu. Kò pẹ́ rárá tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Òógùn tútù bò ó, ó ní òkùnkùn ń kùn òun lójú. Nígbà tí a gbé e dé ọsibítù, wọ́n ní ìgbà 38 ni ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi jókòó tì í. Ọlọ́run ò jẹ́ kí n di opó.

Mo gbé ìyókù èèpo náà lọ bá bàbá oníṣègùn kan lábúlé wa. Bàbá fi èékánná ha á, wọ́n gbé e súnmọ́ imú, àwọn náà sín. Wọ́n ní, "Ọ̀bọ̀ ni wọ́n tà fún ọ, ọmọ mi. Ọ̀bọ̀ tí a fi ń pa ẹja lódò."

ÌyáKọ́lá (9:23 alẹ́)
Ha! Olúwa ló yọ yín. Ọ̀bọ̀ kẹ̀?

Ìdòwú_Ṣàngó (9:24 alẹ́)
Ẹ dárúkọ ọjà náà kí á lè sá fún un. Kí lẹ ń fi bò?

ÌyáÀbíkẹ́ (9:27 alẹ́)
N kò ní dárúkọ. Ọmọdé ló ṣèèṣì. Bí mo bá dárúkọ ọjà, gbogbo ìyá tó ń fi iṣẹ́ náà bọ́ ọmọ níbẹ̀ ni mo bà jẹ́.

ỌmọEléwéỌmọ (9:31 alẹ́)
Màmá, ẹ kú ewu. Àánú ọkọ yín ṣe mí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí gbogbo yín gbọ́ tiwa náà. Ìdí igbá ewé ni wọ́n ti bí mi. Ìyá mi kì í gbé ọ̀bọ̀ sójú kan náà pẹ̀lú èèpo mímu láéláé, àpò tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni, okùn tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Àwọn èèyàn ń wá ọ̀bọ̀ rà lóòótọ́: àwọn kan ń gún un sínú ọṣẹ, àwọn mìíràn ń gbé e kọ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì ń fi pa eku. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i lọ́jà. A kì í tà á fún ẹni tó bá ní òun fẹ́ mu ún.

Ohun tó bà á jẹ́ ni pé àwọn tó ń gbé èèpo wá láti oko ń kó o pọ̀ sínú àpò kan náà. Ẹni tó bá sì ti lo oṣù mẹ́ta nídìí iṣẹ́ báyìí, ó ti pàtẹ igbá tirẹ̀. Láyé ìyá mi, ọdún márùn-ún lèèyàn fi ń ru igbá tẹ̀lé ọ̀gá kí wọ́n tó jẹ́ kó dá tà.

Ìdòwú_Ṣàngó (9:34 alẹ́)
Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́ yẹn. Wọ́n ń kó o pọ̀. Kí la wá fẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé?

Nọ́ọ̀sìTítí (9:38 alẹ́)
Ohun tí Màmá Àbíkẹ́ sọ yìí kì í ṣe àsọdùn o. Ọkàn gan-an ni oró ọ̀bọ̀ máa ń mú. Ní ọ̀pọ̀ ìlú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láyé àtijọ́, òun ni wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn mu: bí ó bá bì í, wọ́n á ní ó mọ́, bí kò bá bì í, ó di òkú. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé torí pé imú òun ò sín, èèpo tó wà lọ́wọ́ òun kì í ṣe ọ̀bọ̀. Ìyẹn kì í ṣe àyẹ̀wò.

Adé, ẹ ò tíì dá mi lóhùn. Ọmọ ọdún mélòó ni màmá?

AdéMọ́níyà (9:44 alẹ́)
Ọdún 71. Wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ibà ni, mo mọ̀ ọ́n, bó ṣe máa ń mú wọn nìyẹn. Ẹ̀yin èèyàn ti kó ẹ̀rù bá mi.

Nọ́ọ̀sìTítí (9:47 alẹ́)
Ẹ ṣeun. Ẹni ọdún 71 tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, a kì í fi ojú ṣe àyẹ̀wò ibà fún un. Ẹ wá kẹ́míìsì tó ń ṣe àyẹ̀wò ibà ti gígún ìka, kò gbà ju ìṣẹ́jú 15 sí 20 lọ. Bí ibà bá wà níbẹ̀, oògùn ibà tó ń jẹ́ ACT wà. Bí kò bá sí, a jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló ń mú ara gbóná, àgbo á kàn máa fi àkókò ṣòfò fún wọn ni. Bí ẹ bá sì máa fún wọn ní àgbo, ẹ sọ fún dókítà wọn. Ẹ má fi pamọ́.

BàbáÀgbo (9:52 alẹ́)
Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Ṣé èèpo igi kọ́ ni kuníìnì ni? Àwọn ará Peru ló ni igi náà. Ní 1820 ni àwọn Faransé méjì tó yọ kuníìnì jáde nínú èèpo rẹ̀, tí gbogbo ayé sì ń fi wo ibà. Èèpo igi ló gba òyìnbó là kí wọ́n tó lè gbé ilẹ̀ wa.

Nọ́ọ̀sìTítí (9:56 alẹ́)
Bàbá, òótọ́ lẹ sọ, mi ò bá yín jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yọ ọ́ jáde ni wọ́n tó lè wọ̀n ọ́n. A mọ iye tó wà nínú hóró kan. Ìdì èèpo tí ẹ rà lónìí àti èyí tí ẹ rà lóṣù tó kọjá, ta ló mọ èyí tó le jù?

BàbáÀgbo (9:59 alẹ́)
Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni ọwọ́ mi ti ń wọ̀n ọ́n.

Ìdòwú_Ṣàngó (10:00 alẹ́)
Kí n fi béèrè o: èèpo màńgórò ńkọ́? Eyín ló ń dùn mí.

ÀjàníIgbó (10:08 alẹ́)
Inú igbó ni mo ti ń jẹun, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ọjà, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ igi. Èèpo gbígbẹ kò ní ojú. Ìgbà tí igi bá wà lórí ìró, tí o rí ewé rẹ̀, tí o rí èso rẹ̀, ìgbà náà ni o tó mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀. Èso ọ̀gánwó dúró róbótó, ó le bí igi, bí ó bá gbẹ á là sí mẹ́rin tàbí márùn-ún, àwọn hóró pẹlẹbẹ á sì máa fò jáde. Ti ọ̀bọ̀, pódi ni, bíi ti ẹ̀wà ńlá. Kò sẹ́ni tó máa ṣi méjèèjì mú nídìí igi.

Bí ẹ bá máa bó o, ẹ má bó o yí igi ká. Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Inú èèpo yẹn ni oúnjẹ tí ewé ń sè gbà ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gbòǹgbò. Bí ẹ bá bó o yíká, ẹ ti dí i lọ́nà ọ̀fun, ebi ni yóò pa á. Àwọn baba wa ní kí a bó díẹ̀ ní ìhà ìlà-oòrùn, díẹ̀ ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, kí a fi ìyókù sílẹ̀. Èmi kì í bó ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan lọ lójú kan, n kì í sì í fi àdá kan igi funfun inú rẹ̀. Mo mọ ọ̀gánwó kan tí ẹni mẹ́ta ò lè gbá mọ́ra, wọ́n ti bó o dé ibi tí ọwọ́ èèyàn lè nà dé. Ó ti gbẹ. Mo sunkún lórí igi yẹn.

Ní Kamẹrúùnù, bí wọ́n ṣe ń bó igi Prunus africana fún oògùn àwọn bàbá tí ìtọ̀ ń dà láàmú nílẹ̀ òyìnbó nìyẹn, títí CITES, àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń ṣọ́ òwò igi àti ẹranko igbó, fi dá sí i ní 1995. Ọ̀gánwó tiwa náà ti wọ inú àkọsílẹ̀ CITES ní 2022, gbogbo irú rẹ̀ tó wà ní Áfíríkà. Nítorí pákó nìyẹn o, kì í ṣe nítorí èèpo. Ṣùgbọ́n igi kan náà ni.

OníGẹdú (10:15 alẹ́)
Ẹ̀gbọ́n Àjàní, tàwa onígẹdú lẹ tún wá dé yìí.

ÀjàníIgbó (10:17 alẹ́)
Mi ò dárúkọ yín, àbúrò. Ṣùgbọ́n ọ̀gánwó mélòó lẹ ti gbìn?

ỌmọBódè (10:19 alẹ́)
Ẹ jọ̀ọ́, ìyá ọmọ yìí ló ń ṣàìsàn. Adé, ṣé kí n dúró dè yín ní Bódè láàárọ̀? Mo lè mú yín lọ bá ẹni tó mọ iṣẹ́.

ÌyáÀbíkẹ́ (10:26 alẹ́)
Adé, ẹ fèsì.

AdéMọ́níyà (11:12 alẹ́)
Ẹ má bínú, ìdí àgbo ni mo wà. Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Mi ò ní lọ sí Bódè mọ́, mi ò sì lọ sí Bódìjà. Mo pe àbúrò màmá mi, wọ́n ní èèpo ọ̀gánwó wà lórí àjà àwọn láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọkọ wọn ló bó o lẹ́yìn ilé, ara igi tí bàbá wọn gbìn. Wọ́n gun ọ̀kadà gbé e wá. Mo béèrè èso rẹ̀ lọ́wọ́ wọn bí ẹ̀gbọ́n Àjàní ti wí, wọ́n ní àwọn ọmọ ló ń fi ṣeré. A ti sè é. Màmá ti mu ààbọ̀ ife.

Kẹ́míìsì tó wà ládùúgbò wa ti tì. Bí ilẹ̀ bá mọ́, màá gbé wọn lọ gún ìka. Màmá ò fẹ́, ṣùgbọ́n màá gbé wọn lọ.

Nọ́ọ̀sìTítí (11:15 alẹ́)
Ẹ má tún fún wọn mu lálẹ́ yìí. Ẹ fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ wọn, lápá àtàǹpàkò, ẹ ka bó ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bí ó bá dín sí 50, tàbí tí wọ́n ń bì, tàbí tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ségesège, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́.

ÌyáÀbíkẹ́ (11:16 alẹ́)
Mi ò ní sùn. Ẹ máa sọ iye rẹ̀ fún wa.

AdéMọ́níyà (11:24 alẹ́)
84.

AdéMọ́níyà (12:30 òru)
80. Wọ́n ti sùn. Ara wọn ṣì gbóná.

AdéMọ́níyà (5:52 àárọ̀)
78. Wọ́n ní kí n po ògì fún àwọn. Mo ti rí kẹ́kẹ́ tó máa gbé wa lọ gún ìka.