Obìnrin gíga ń wá kẹ̀kẹ́ ojú títì tó máa bá ara rẹ̀ mu: 56 ni àbí 58?

Òpélénge

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ kẹ̀kẹ́ dunjú. Obìnrin ni mí, gíga mi jẹ́ sẹ̀ntímítà 185. Inú ẹsẹ̀ mi, láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé abẹ́, jẹ́ 90. Egungun èjìká mi méjèèjì fi 38 jìnnà síra. Kẹ̀kẹ́ ojú títì, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ká wálẹ̀ bí ìwo àgbò, ni mo fẹ́ rà fún ìrìn wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. N kò bá ẹnikẹ́ni díje.

Àwọn tí wọ́n kọ “ti obìnrin” sí lára sábà máa ń parí sí ìwọ̀n férémù 54 tàbí 56, bí mo bá sì jókòó lé wọn, ṣe ni mo ń ká kò. Àwọn 58 tí wọ́n ń pè ní ti ọkùnrin ga tó, ṣùgbọ́n mo ní láti nà gbalaja kí ọwọ́ mi tó dé bíréèkì. Láàárín wákàtí kan àtẹ́lẹwọ́ mi á ti kú, ọrùn á máa ro mí. Ṣé kí n mú 56 kí n fa ọ̀pá ìjókòó rẹ̀ sókè ni, àbí kí n mú 58 kí n wá nǹkan ṣe sí bó ṣe gùn? Kí ni kí n kọ́kọ́ wò?

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fa ọ̀pá ìjókòó 56 sókè. Ọ̀pá yẹn kì í dúró ṣánṣán, ó fì sẹ́yìn, ìwọ̀n dìgírì 73 sí ilẹ̀ tàbí súnmọ́ ọn. Bí ẹ bá fà á sókè ní sẹ̀ntímítà 10, ìjókòó á ti sún sẹ́yìn ní nǹkan bíi 3, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ á sì wà nísàlẹ̀ níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Férémù tó kéré á wá máa nà yín, á tún máa tẹ̀ yín lórí ba, lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí ọ̀pọ̀ obìnrin gíga ti ń fara gbọgbẹ́ nìyẹn.

Ẹ má gbára lé nọ́ńbà 56 tàbí 58 náà. Láyé àtijọ́, gígùn ọ̀pá férémù tó wà lábẹ́ ìjókòó ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Lóde òní ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di orúkọ lásán, 58 ilé iṣẹ́ kan lè má ju 56 ti òmíràn lọ. Ohun méjì ni kí ẹ wá nínú tábìlì ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ gbé jáde: stack àti reach. Àárín ibi tí apá pẹ́dà ti ń yí la ti ń wọn méjèèjì. Stack ni bí orí ọ̀pá iwájú férémù ṣe ga ju ibẹ̀ lọ, reach sì ni bó ṣe jìnnà síwájú sí ibẹ̀. Ìjókòó kò bá wọn da nǹkan pọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣeé fi wé láti kẹ̀kẹ́ kan sí òmíràn.

Kí ẹ tó wo tábìlì, ẹ mọ gíga ìjókòó yín. Ẹ tún inú ẹsẹ̀ wọ̀n dáadáa: ẹ bọ́ bàtà, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ ki ìwé ẹlẹ́yìn líle sáàárín ẹsẹ̀, kí etí rẹ̀ kan lé ògiri kó má bàa dagun. Ẹ fà á sókè gírígírí, bó ṣe máa ń rí téèyàn bá jókòó lórí kẹ̀kẹ́, kí ẹlòmíràn fi lẹ́ẹ̀dì sàmì sí ògiri. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwọn tó fi téèpù wọn inú ẹsẹ̀ ṣòkòtò máa ń pàdánù sẹ̀ntímítà méjì sí mẹ́ta níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ 90 lóòótọ́, 90 lọ́nà 0.883 jẹ́ 79.5. Gíga ìjókòó nìyẹn, láti àárín ibi tí apá pẹ́dà ti ń yí títí dé orí ìjókòó, ní títẹ̀lé ọ̀pá rẹ̀. Ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ni o. Sísanra ìsàlẹ̀ bàtà àti gígùn àtẹ́lẹsẹ̀ lè yí i padà díẹ̀. Tí a bá wọn 79.5 yẹn lóòró gangan, ó ń lọ sí 76.

Ẹ wá wo ohun tí stack ń ṣe. Ẹ jẹ́ ká sọ pé òrùka abẹ́ stem (irin kúkurú tó so ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́ iwájú férémù) àti ìdérí ọ̀pá iwájú jẹ́ sẹ̀ntímítà 2, tí stem fúnra rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 100, irú èyí tó wọ́pọ̀. Férémù 58 ti ìrìn jíjìn tí stack rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 615 á gbé orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ dé nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 69, ìyẹn ni pé ọwọ́ á fi sẹ̀ntímítà 7 relẹ̀ sí ìjókòó. Férémù 58 ti ìdíje, stack 585, á fi 10 relẹ̀. 56 ti ìdíje tí stack rẹ̀ jẹ́ 565 á fi 12 relẹ̀, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ẹni tó fẹ́ jókòó wákàtí mẹ́rin láìdíje, 5 sí 8 ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀. Ọrùn tó ń ro yín yẹn, wíwo òkè láti ibi tó rẹlẹ̀ jù ló sábà ń fà á.

Lórí reach, ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan tó máa ń tan àwọn tó ń ka tábìlì jẹ. Ẹ kò gbọdọ̀ fi reach méjì wéra bí stack wọn kò bá dọ́gba. Ọ̀pá iwájú náà fì sẹ́yìn: òrùka mìlímítà 30 tí ẹ bá kó sábẹ́ stem á gbé ọwọ́ ga ní nǹkan bíi 29, á sì fà á sẹ́yìn ní nǹkan bíi 9. Nítorí náà férémù ìdíje tó ní stack 585 àti reach 402 á di bíi 614 àti 393 lẹ́yìn òrùka. Férémù ìrìn jíjìn tó ní 615 àti 388 fi mìlímítà 5 péré kúrú jù ú. Lórí bébà, 14 ni ìyàtọ̀ wọn. Àmọ́ ti ìdíje ti lo òrùka rẹ̀ tán, kò sí ibi tí ẹ tún lè gbé e lọ bí ẹ̀yìn bá ní òun kò gbà, tí ti ìrìn jíjìn kò tíì lo ọ̀kankan.

90 nínú 185 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 49 nínú 100. Ẹsẹ̀ yín gùn, ara òkè yín sì kúrú ní ìfiwéra. Irú ara bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ stack gíga àti reach níwọ̀nba, ìyẹn 58 ti ìrìn jíjìn, stack 605 sí 625, reach 380 sí 392. Obìnrin mìíràn tó ga tó yín tí inú ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 84 kò ní fẹ́ kẹ̀kẹ́ yìí rárá. Èyí ló jẹ́ kí àkọlé “ti obìnrin” má ṣe pàtàkì lójú mi: ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn lẹ ń wọ̀n.

Ìyá Kẹ̀kẹ́

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Atúnkẹ̀kẹ́ṣe lórí férémù. Àmọ́ kí ẹ tó dá férémù lẹ́bi, ẹ wo ohun tí wọ́n dè mọ́ ọn. Kẹ̀kẹ́ 58 sábà máa ń jáde pẹ̀lú ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tó fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 44, stem mìlímítà 110, apá pẹ́dà mìlímítà 175 àti ìjókòó tóóró. Wọ́n ń ro ọkùnrin aláyà gbẹ̀ǹdẹ̀. Èjìká yín jẹ́ 38.

Ọwọ́ tó fẹ̀ ju èjìká lọ ń na èèyàn láìjẹ́ pé kẹ̀kẹ́ gùn, nítorí apá tó yà sí ẹ̀gbẹ́ kì í dé iwájú tó apá tó nà tààrà. Ẹ wá 38 tàbí 40. Ẹ bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n: àwọn kan ń wọn láti àárín irin dé àárín irin, àwọn kan láti etí dé etí, ìyàtọ̀ rẹ̀ lè tó sẹ̀ntímítà 2. Ẹ tún wo reach ọwọ́ kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀, ìyẹn bó ṣe nà síwájú kó tó ká wálẹ̀. Èyí tó jẹ́ mìlímítà 70 á mú bíréèkì súnmọ́ yín ní mìlímítà 10 sí 15 ju èyí tó jẹ́ 80 tàbí 85 lọ. Ẹ pààrọ̀ stem 110 sí 90, ẹ ti rí 20 mìíràn. Ó kéré tán sẹ̀ntímítà 3 nìyẹn, láìfọwọ́ kan férémù. Bí ẹ bá rí i pé ẹ nílò stem tó kéré sí 80, férémù ló gùn jù. Ẹ fi í sílẹ̀, torí ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yá jù nígbà tí ẹ bá ń yà.

Bíréèkì tí ìka kò dé: ọ̀pọ̀ lára wọn ní bóòtù kékeré kan tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà yí, tó ń fa irin bíréèkì súnmọ́ ọwọ́. Ọ̀fẹ́ ni. Ó yà mí lẹ́nu bí àwọn tó ń ta kẹ̀kẹ́ kò ṣe ń sọ ọ́.

Àtẹ́lẹwọ́ tó ń kú, ẹ wo imú ìjókòó. Bó bá dorí kodò, ṣe lẹ ń yọ̀ síwájú, ọwọ́ yín ló sì ń gbé gbogbo ara dúró. Ẹ jẹ́ kó tẹ́ pẹrẹsẹ; bó bá ń fún yín níwájú, ẹ dà á wálẹ̀ ní dìgírì 1 tàbí 2, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kò bá tán, ìjókòó yẹn kọ́ ni tiyín. Ẹ gbé páálí onígbì sórí àga líle, ẹ jókòó lé e, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀, ẹ tẹ̀ síwájú. Kòtò méjì á hàn níbi tí egungun ìdí tẹ̀. Ẹ wọn àárín kòtò kan sí èkejì, ẹ fi nǹkan bíi mìlímítà 20 kún un. Bó bá jẹ́ 130, ẹ wá ìjókòó 150 tàbí 155. Èyí tó ní ihò láàárín máa ń rọ ọ̀pọ̀ obìnrin lọ́rùn, ṣùgbọ́n ihò tí etí rẹ̀ mú lè bó ara, nítorí náà ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó sanwó.

Apá pẹ́dà 175 kò burú fún ẹsẹ̀ 90. Àyàfi bí itan bá ń fún ikùn nígbà tí pẹ́dà bá dókè ni mo máa ní kí ẹ mú 170. Bí ẹ bá mú un, ẹ gbé ìjókòó ga ní mìlímítà 5.

Òpélénge

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo rí 58 ti ìrìn jíjìn kan, àlòkù, oníkábọ́nù: stack 612, reach 387. Ẹni tó ni ín ti yọ gbogbo òrùka abẹ́ stem, wáyà àti ọ̀pá epo bíréèkì sì gba inú ọwọ́ kẹ̀kẹ́ wọ férémù. Ṣé kí n rà á?

Ẹlẹ́ṣin Irin

Ìwọ̀n rẹ̀ dára fún yín. Òrùka tó yọ yẹn ni kí ẹ bi í léèrè. Ọ̀pá fọ́ọ̀kì, ìyẹn irin tó di táyà iwájú mú, máa ń la ọ̀pá iwájú kọjá sókè, òun ni stem dì mú. Bó bá yọ òrùka tó sì kó wọn sórí stem, kò séwu, ẹ lè dá wọn padà sísàlẹ̀. Bí kò bá sí nǹkan kan lórí stem, ó ti gé ọ̀pá náà, èyí tí a bá sì ti gé kò ṣeé fi kún; ẹ ó ra fọ́ọ̀kì tuntun. Láìsí òrùka ẹ ti pàdánù gíga tí férémù yẹn torí ẹ̀ dára fún yín. Bí wọn kò bá tíì gé e, ẹ wo ìwé ilé iṣẹ́ kí ẹ mọ iye òrùka tó fàyè gbà. Ọ̀pá kábọ́nù sábà máa ń dúró sí mìlímítà 30 tàbí 40.

Lórí stem tó wọ́pọ̀, ẹ lè dojú rẹ̀ dé. Stem 100 onídìgírì 6, bó bá ń wo ìsàlẹ̀ tẹ́lẹ̀, á gbé ọwọ́ ga ní nǹkan bíi 20, á sì fà á súnmọ́ yín ní 6. Ṣùgbọ́n lórí kẹ̀kẹ́ tí wáyà rẹ̀ farapamọ́, stem tirẹ̀ nìkan ló sábà máa ń gbà, púpọ̀ nínú wọn kò sì ṣeé dojú dé. Láti pààrọ̀ ọwọ́ 44 sí 40, mẹkáníìkì á tú ọ̀pá epo bíréèkì, á fi òrùka ìdè tuntun sí i, á sì fa afẹ́fẹ́ jáde nínú epo. Ẹ béèrè iye tí iṣẹ́ yẹn àti ọwọ́ tuntun máa jẹ́ kí ẹ tó dúnàá dúrà, kí ẹ yọ ọ́ nínú owó tí ẹ máa san.

Ẹ yọ ọ̀pá ìjókòó jáde. Ìlà kan wà lára rẹ̀ tí kò gbọdọ̀ yọ síta. Ẹ rí i dájú pé ìjókòó lè dé 79.5 kí ìlà náà tó yọ. Bí ọ̀pá náà kò bá rí róbótó, ti ilé iṣẹ́ yẹn nìkan ló máa wọ inú rẹ̀, ẹ wádìí bóyá wọ́n ṣì ń tà á. Ẹ tan iná wo ẹnu férémù níbi tí ìdè ti ń fún un, ibẹ̀ ni kábọ́nù ti sábà máa ń là bí wọ́n bá fún un jù. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí ara ìdè, tó sábà máa ń jẹ́ 5 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí bóòtù), ni kí ẹ fún un dé. Gíríìsì kò yẹ lára ọ̀pá kábọ́nù, ìpara tó ní iyanrìn wẹ́wẹ́ tí wọ́n ṣe fún un ni.

Nígbà tí ẹ bá ń tò ó, gíga ìjókòó ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà bó ṣe wà síwájú tàbí sẹ́yìn, ọwọ́ ló kẹ́yìn. Nísàlẹ̀ pátápátá, orúnkún yẹ kó tẹ̀ ní dìgírì 25 sí 35. Bí iwájú orúnkún bá ń dùn, ìjókòó relẹ̀ jù tàbí ó wà níwájú jù. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ga jù. Bí ìdí bá ń yí sọ́tùn-ún sósì lórí ìjókòó, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní mìlímítà 5. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ gùn ún lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán kí ẹ tó yí òmíràn. Bí ó bá sì ti bá yín mu, ẹ fi téèpù kékeré yí ọ̀pá ìjókòó ká níbi tó ti wọ férémù, kó má bàa sọnù lọ́jọ́ tí ẹ bá tú u.