Báwo ni mo ṣe lè kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní sáyẹ́ǹsì tí kò fi ní jẹ́ àkọ́sórí lásán?

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mò ń kọ́ ní sáyẹ́ǹsì. Bí mo bá ní kí wọ́n sọ ohun tó ń mú nǹkan léfòó, wọ́n á kà á geere bí ẹni ń kọrin. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé bàsíà omi síwájú wọn, mo mú ìṣó kékeré kan àti pákó ńlá kan dání. Gbogbo wọn fẹnu kò pé pákó ló máa rì, torí òun ló wúwo. Nígbà tí ìṣó rì, tí pákó léfòó, ariwo sọ! Látọjọ́ náà, ìbéèrè wọn ò tán.

Ibi tó ti le rèé: ọmọ 45 ni wọ́n, ìṣẹ́jú 40 péré ni mo ní. Tí mo bá pín wọn sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, àwọn tó já fáfá ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́, àwọn yòókù ń wòran (ariwo wọn sì ń fọ́ mi lórí, ká má parọ́). Ìdánwò, àkọ́sórí náà ló ń béèrè.

Ta ló ti ń jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ sọ èrò rẹ̀ kó tó dán nǹkan wò? Ṣé máàkì wọn gòkè lóòótọ́? Báwo lẹ ṣe ń pín iṣẹ́ nínú ẹgbẹ́?