"Has" ni àbí "have"? Ẹ bá wa dá sí i

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè kan dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti àbúrò mi tó ń múra JAMB: "The principal, together with his teachers, ___ arrived." Mo ní "has" ni, torí principal ló ni gbólóhùn, àwọn tíṣà kàn bá a kọ́wọ̀ọ́ rìn ni. Ó ní irọ́ ni, ṣebí èèyàn púpọ̀ ló dé! Yorùbá ò kúkú ń dààmú ẹni báyìí: ó dé, wọ́n dé, "dé" náà ni.

Ìbéèrè 60 ló wà nínú Use of English, kò sáyè àríyànjiyàn níbẹ̀. Báwo lẹ ṣe ń ṣàlàyé èyí fún ọmọ olórí kunkun? "Neither... nor" náà ńkọ́?