Àdá àti ìbọn ṣakabùlà bàbá wa, ṣé ọlọ́pàá lè gbà á lójú ọ̀nà oko?

Ọmọ Olókò Kòkó
Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, ẹ dákun ẹ bá mi dá sí i. Àbúrò mi ló ń bọ̀ látoko lójú ọ̀nà Ìdànrè lórí ọ̀kadà, àdá àti ìbọn ṣakabùlà tí bàbá wa tó ti dolóògbé fi sílẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀, ni àwọn ọlọ́pàá tó dí títì bá dá a dúró, wọ́n gba gbogbo ẹ̀, wọ́n ní ohun ìjà olóró ni, wọ́n sì ti tì í mọ́lé látìjẹta. Omi kòkó ò tíì gbẹ lára àdá ọ̀hún o! Wọ́n tún ní ká mú owó béèlì wá. Ṣé àgbẹ̀ ò lè mú àdá dání mọ́ ni?

Ìyá Ìbejì
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àmọ́ lẹ́yìn ohun tójú rí ní ṣọ́ọ̀ṣì Ọ̀wọ̀ ní 2022, èmi ò lè bá ọlọ́pàá tó gba ìbọn wí.

Lọ́yà Ọmọ Àkúrẹ́
Ìyá Ìbejì, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká pa àdá pọ̀ mọ́ ìbọn. Òfin ìdigunjalè dárúkọ àdá lóòótọ́, ọfà àti ọ̀kọ̀ náà wà níbẹ̀, àmọ́ ohun téèyàn fẹ́ fi ṣe ni wọ́n máa wò. Àdá àgbẹ̀ tó ń toko bọ̀ lọ́sàn-án kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí wọ́n ká mọ́ abẹ́ ẹ̀wù ẹnì kan lóru.

Ìbọn ló le níbẹ̀. Òfin ìbọn ti 1959 ò yọ ṣakabùlà sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ níwèé. Dọ́bù bárẹ́ẹ̀lì, ọ̀gá ọlọ́pàá pátápátá ló ń fọwọ́ sí i, ìbọn ìléwọ́ sì rèé, àfi Ààrẹ. Ká tiẹ̀ ní bàbá yín níwèé, orúkọ bàbá ló wà lórí ẹ̀, ẹ ò lè jogún láísẹ́ǹsì. Ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn tí ò níwèé mọ́ lọ́wọ́, fáìnì ₦20,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tí ò ní dín ní ọdún 10 ni, nítorí náà ẹ wá lọ́yà kíá, kí àbúrò yín má kọ ohunkóhun sílẹ̀ kí lọ́yà tó dé.

Ti béèlì, ọ̀fẹ́ ni! Àti pé kóòtù wà ní Àkúrẹ́, bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni òfin orílẹ̀-èdè (section 35) fún wọn láti gbé e dé iwájú adájọ́. Ìjẹta tẹ́ ẹ wí yẹn ti kọjá ẹ̀.

Ọdẹ Òru
Ẹ̀gbọ́n lọ́yà ti sọ ọ́. Èmi ò kì í jẹ́ kí ẹ̀tù wà nínú ìbọn kí n tó bọ́ sí títì, mo máa ń wé e sínú àpò, fọ́tòkọ́pì ìwé mi á wà nínú ọ̀rá nítorí òjò. Bí wọ́n bá dá mi dúró, màá sọ̀ kalẹ̀, màá sọ fún wọn pé ìbọn wà lẹ́yìn mi kí wọ́n tó fọwọ́ kàn mí. Ọlọ́pàá tó bá ṣàdédé rí ẹnu ìbọn, jìnnìjìnnì á bo òun náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yìnbọn paayàn.

Ọmọ Olókò Kòkó
Ẹ ṣeun gan-an. Ìwé ò sí o, bàbá ò fi ìkankan sílẹ̀. A ti rí lọ́yà kan, a jọ ń lọ láàárọ̀ ọ̀la, ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan yẹn la máa kọ́kọ́ bi wọ́n.

Lọ́yà Ọmọ Àkúrẹ́
Ẹ bi wọ́n ní ẹ̀sùn tí wọ́n kọ sílẹ̀ náà, kẹ́ ẹ kọ orúkọ ọlọ́pàá tó ń bójú tó o. Ẹ má sanwó fẹ́nikẹ́ni.